Kalundborg: Ìlú tí ẹ̀gbin ilé iṣẹ́ kan ti ń di ọjà fún èkejì

Ohun méjì ló máa ń kọ́kọ́ gba ojú àlejò ní Kalundborg, ìlú kékeré kan létí òkun ní apá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù Sjælland, lórílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì. Àkọ́kọ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì àtayébáyé kan tó ní ilé gogoro márùn-ún lórí. Èkejì ni páìpù. Páìpù ńlá ni o, tí wọ́n fi ìbora tó nípọn wé lára kí ooru má baà bọ́ sóde, tó gùn lọ láti ilé iṣẹ́ kan dé òmíràn. Kì í lọ gbọọrọ. Bó bá lọ síwájú díẹ̀, á yà, á tẹ̀ bí orúnkún ẹni tó kúnlẹ̀, á tún padà sójú ọ̀nà. Ẹni tí kò mọ̀dí á ní àwọn tó ṣe é kò wọn ilẹ̀ dáadáa. Wọ́n wọ̀n ọ́n. Irin máa ń gùn sí i bó bá gbóná, ooru omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá sì gbóná kọjá sísọ. Bí wọn kò bá fi ibi tó tẹ̀ yẹn sílẹ̀ kó lè máa nà kó sì máa sún kì, páìpù náà á fa ara rẹ̀ ya.

Inú ooru omi yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wà. Ilé iṣẹ́ amúnáwá tó ń jẹ́ Asnæs ló ń tì í jáde. Iṣẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún ni pé kó máa se omi títí yóò fi ru, kí ooru omi náà sì yí ẹ̀rọ tó ń pèsè iná. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo agbára tó wà nínú èédú tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá jó, nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ló ń di iná mànàmáná. Ìyókù á bá omi tí wọ́n fi ń tu ẹ̀rọ lára wọ òkun, tàbí kó bá èéfín lọ. Bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ kan wà nítòsí tó ń wá ooru lójú méjèèjì: Novo Nordisk, tó ń ṣe ínsúlínì fún àwọn alárùn àtọ̀gbẹ káàkiri ayé. Kò lè ṣe é láìfi ooru omi pa kòkòrò inú àwọn àgbá ńláńlá rẹ̀. Ohun tí ọ̀kan ń dà sókun ni èkejì ń dáná epo láti rí. Wọ́n bá fi páìpù so ara wọn pọ̀.

Ọrọ̀ ajé àyípo ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀ lóde òní. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Bí ayé ṣe ń ṣe báyìí, a ń wa nǹkan nínú ilẹ̀, a ń fi ṣe ọjà, a ń lò ó, a ń kó o dà nù. Àwọn tó ń polongo ọrọ̀ ajé àyípo ní kí ohun tí a bá ti wà jáde lẹ́ẹ̀kan máa yípo láàrin wa, kí ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ ẹnìkan jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Nínú ìṣe ńkọ́? Àjọ Circle Economy tó fìdí kalẹ̀ sí Amsterdam ṣírò rẹ̀ ní 2018 pé nínú gbogbo ohun èlò tí ayé ń lò, ìdá 9.1 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni àlòkù tó padà wọlé. Ìgbà tó fi máa di 2023, ó ti já sí 7.2. Bí ẹnu ṣe ń yára sí i ni ẹsẹ̀ ń rìn sẹ́yìn.

Ìdí nìyí tí mo fi yan Kalundborg. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn ará ibẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ibi tó dùn àti ibi tó korò níbẹ̀ ti fojú hàn tó bẹ́ẹ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa sọ̀rọ̀ lórí ìfojúsùn lásán.

Omi ló fà á

Kò sí ẹni tó jókòó lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ dá ọrọ̀ ajé àyípo sílẹ̀ ní Kalundborg. Omi ló fà á. Asnæs ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959. Ní 1961, ilé ìfọpo kan gbé iṣẹ́ tirẹ̀ dé. Ilé ìfọpo sì máa ń mu omi bí ẹni tí òùngbẹ fẹ́ pa. Omi abẹ́ ilẹ̀ àdúgbò náà kò tó nǹkan. Bí ilé ìfọpo bá ki ẹnu bọ̀ ọ́, kí ni ará ìlú yóò mu? Wọ́n bá yíjú sí Tissø, adágún odò ńlá kan tí wọ́n fi orúkọ Týr pè, òrìṣà ogun àwọn ará ibẹ̀ láyé àtijọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ gbà láti ṣe páìpù, ilé ìfọpo gbà láti gbówó rẹ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láìsí àpérò kankan lórí àyíká.

Ilé ìfọpo yìí kan náà ní gáàsì tó ń ṣẹ́ kù, tó máa ń fi iná sun dànù lórí ọ̀pá gogoro tọ̀sán-tòru. Ní 1972, Gyproc, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pátákó funfun tí wọ́n fi ń bo ògiri àti àjà ilé, bẹ̀rẹ̀ sí í gba gáàsì náà láti fi yan pátákó rẹ̀ gbẹ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Asnæs náà fẹnu mọ́ páìpù omi Tissø.

Ọdún 1973 yẹn náà ni owó epo rọ̀bì fò sókè lágbàáyé. Ó dun Dẹ́ńmáàkì wọ eegun, nítorí nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára tí orílẹ̀-èdè náà ń lò ló ń ti inú epo tí wọ́n ń rà wá láti òkèèrè jáde. Ẹni tó ti ń fi ooru ṣòfò kò rí i bí òfò tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí epo wọ́n gógó ló wá ṣẹ́jú, tó rí i pé owó lòun ń dà sínú òkun. Ní 1976, Novo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrẹ̀ tó ń ṣẹ́ kù nídìí iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ àyíká láti fi ṣe ajílẹ̀. Ní 1979, eérú tí Asnæs ń kó dànù di ohun tí àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì ń rà. Ní 1981, wọ́n fa ooru Asnæs wọ inú ìlú, nǹkan bí 3,500 ilé sì yọ ààrò epo wọn kúrò. Lọ́dún 1982 ni páìpù tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Novo àti ilé ìfọpo.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ẹlẹ́dẹ̀. Láyé àtijọ́, inú àmọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni Novo ti ń yọ ínsúlínì. Nígbà tó di ọwọ́ ìparí àwọn ọdún 1980, ìmọ̀ tuntun dé: wọ́n yí àbùdá ìwúkàrà padà, ìwúkàrà náà ló sì ń pèsè ínsúlínì tó bá ti ènìyàn mu. Bí wọ́n bá yọ ínsúlínì tán, àgbá ńlá ìwúkàrà ló máa ń ṣẹ́ kù. Kí ni wọ́n fi ṣe? Láti 1989, wọ́n ń fi iná pa á kó má baà wà láàyè mọ́, wọ́n á kó o fún àwọn olùsìn ẹlẹ́dẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń fi ara rẹ̀ san gbèsè ínsúlínì tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń jẹ àjẹkù rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan àdéhùn yìí, àárín ẹni méjì ni. Kò sí ọ̀gá kan lókè tó ń pàṣẹ. Ilé iṣẹ́ A jókòó pẹ̀lú ilé iṣẹ́ B, wọ́n ṣírò owó. Bó bá mówó wọlé, wọ́n á fọwọ́ sí i, bí kò bá mówó wọlé, olúkúlùkù á gba ilé rẹ̀ lọ. Títí di ìparí àwọn ọdún 1990, owó tí wọ́n ti ná lórí bí ogún irú iṣẹ́ yìí jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 75 dọ́là, èrè tó sì ti padà wá ti lé ní ìlọ́po méjì rẹ̀.

Jørgen Christensen, tó ti jẹ́ ọ̀gá nílé iṣẹ́ Novo Nordisk ní Kalundborg, tó wá di agbẹnusọ ètò náà káàkiri ayé, máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe pé ilé iṣẹ́ wọn súnmọ́ ara nìkan, ọkàn wọn náà súnmọ́ ara. Ìlú kékeré ni. Ọ̀gá ilé ìfọpo àti ọ̀gá ilé iṣẹ́ amúnáwá mọ ara wọn lójú, wọ́n mọ orúkọ ọmọ ara wọn. Ẹni tó bá ní ìdọ̀tí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lè sọ ọ́ síta láìbẹ̀rù pé ẹnìkan yóò fi ṣe é. Ó tún wá bọ́ sí i pé iṣẹ́ wọn kò jọra. Ọ̀kan ń fọ epo, ọ̀kan ń ṣe oògùn, ọ̀kan ń ṣe pátákó; kò sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni du oníbàárà, nítorí náà kò sí àṣírí tó tó ohun tí wọ́n á máa fi pamọ́ fún ara wọn. Ká ní ilé ìfọpo méjì ló wà níbẹ̀ ni, mi ò rò pé páìpù kan ṣoṣo ì bá gùn láàrin wọn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ṣe é kó tó ní orúkọ. Ìgbà tó di ọwọ́ 1989 ni Valdemar Christensen, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Asnæs, gbé orúkọ kan jáde (orúkọ Christensen pọ̀ ní Dẹ́ńmáàkì, ẹ má fi í pe ti àkọ́kọ́). Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ló dábàá ọ̀rọ̀ náà, symbiosis: ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí fi ń pe ẹ̀dá méjì tí ìran wọn kò jọra, tó jẹ́ pé ara wọn ni wọ́n fi ń yè. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń rọ́ wá sí Kalundborg.

Ìyẹ̀fun funfun láti inú èéfín

Bí ẹnìkan bá ní kí n mú ìsopọ̀ kan ṣoṣo, kí n tú u palẹ̀ kó lè rí dídára rẹ̀ àti ewu tó wà nínú rẹ̀, ti Asnæs àti Gyproc ni màá mú.

Imí ọjọ́ wà nínú èédú. Bí èédú bá jó, imí ọjọ́ náà á jó, á di afẹ́fẹ́ tó ń ta ni nímú, á bá èéfín gòkè, á pò mọ́ omi inú ìkùukùu, òjò kíkan ni yóò fi bọ̀ sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, irú òjò yìí pa ẹja inú ọ̀pọ̀ adágún odò lápá àríwá Yúróòpù. Ìjọba wá ń há òfin mọ́ àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá: ẹ fọ èéfín yín.

Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ rèé. Wọ́n á lọ òkúta ẹfun kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi títí á fi dà bí omi ẹfun. Èéfín á gba inú ilé gíga kan gòkè, omi ẹfun náà á máa rọ̀ lé e lórí bí òjò. Níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, ẹfun á gbá afẹ́fẹ́ imí ọjọ́ mú kò ní jẹ́ kó lọ. Wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí ohun tó bá rọ̀ sísàlẹ̀, ó di ẹrẹ̀ funfun. Wọ́n á jù ú sínú ẹ̀rọ tó ń yí bírí kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ. Èyí tó bá kù lẹ́yìn náà jẹ́ ìyẹ̀fun funfun tó rin díẹ̀, tó dì mọ́ra bí ènìyàn bá fi ọwọ́ fún un. Jípúsọ̀mù ni. Jípúsọ̀mù yìí gan-an, tí kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, ni Gyproc ti ń fi ọkọ̀ òkun kó wá láti Sípéènì.

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Asnæs ní 1993. Láti ìgbà náà, Gyproc kò nílò láti ré òkun kọjá fún gbogbo rẹ̀ mọ́. Bí ìyẹ̀fun náà bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á yan án títí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi tó wà nínú rẹ̀ yóò fi jáde, wọ́n á tún bu omi lé e, wọ́n á dà á sáàárín bébà méjì tó nípọn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti le. Lẹ́yìn náà ni iná á yan án gbẹ. Ohun tí ì bá pa ẹja inú adágún ti di ògiri yàrá.

Títí dé ibí yìí, ó dùn gbọ́. Ẹ jẹ́ kí á wá lọ síwájú díẹ̀.

Láti 1995, Asnæs bẹ̀rẹ̀ sí í jó ohun kan tí wọ́n ń pè ní Orimulsion: ọ̀dà tí wọ́n wà ní Venezuela, tí wọ́n pò mọ́ omi kó lè ṣàn. Imí ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti inú èédú lọ. Nítorí náà, jípúsọ̀mù tó ń jáde pọ̀ sí i. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí: bí ohun tí a ń jó bá ṣe dọ̀tí tó, bẹ́ẹ̀ ni aládùúgbò yóò ṣe rí ẹrù gbà tó. Nígbà tó yá, Venezuela kò ta á mọ́, Asnæs padà sí èédú. Gyproc kò sì lẹ́nu nínú ìpinnu méjèèjì. Ẹni tó ń jẹ lábẹ́ tábìlì kì í yan ohun tí wọn yóò sè.

Lẹ́yìn náà ni èyí tó tóbi jù dé. Ilé iṣẹ́ tó ni Asnæs, DONG Energy tó yí orúkọ padà sí Ørsted ní 2017, pinnu pé èédú ti tó. Wọ́n kọ́ ẹ̀rọ tuntun tó ń jó igi wẹ́wẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí ìparí 2019. Fún ojú ọjọ́, ìyẹn dára. Ooru omi ṣì ń dé ọ̀dọ̀ Novo Nordisk, àwọn ilé inú ìlú ṣì ń móoru. Ṣùgbọ́n igi kò ní imí ọjọ́ tó nǹkan nínú. Kò sí imí ọjọ́, kò sí omi ẹfun tó ń rọ̀, kò sí ìyẹ̀fun funfun. Okùn tó so Asnæs pọ̀ mọ́ Gyproc já, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Eérú èédú tí wọ́n ń kó fún àwọn oní-sìmẹ́ǹtì náà bá a lọ.

Ibí ni mo ti fẹ́ kí àwọn tó ń polongo ọrọ̀ ajé àyípo dúró díẹ̀. Ìdọ̀tí tó bá ti di ọjà ti ní ẹni tí yóò máa gbèjà rẹ̀. Bí òfò kan bá ti ń bọ́ ènìyàn méjì, ta ni yóò fẹ́ kí òfò náà tán? Ní Kalundborg, orí kó wọn yọ: Ørsted ní ìdí tó lágbára láti pa èédú tì, ó sì pa á tì. Níbòmíràn, mo lè fojú inú wo ìpàdé tí wọn yóò ti ní kí á rọra, kí á má pa èédú tì lọ́dún yìí, nítorí àwọn tó ń ṣe pátákó.

Gyproc kò kú, bẹ́ẹ̀ ni kò kógbá wọlé. Jípúsọ̀mù jẹ́ ọ̀kan nínú ohun díẹ̀ tí ènìyàn lè lọ̀, kó yan án, kó tún fi ṣe pátákó mìíràn láìjẹ́ pé ó dínkù nínú agbára. Nítorí náà wọ́n ń gba pátákó tí wọ́n yọ lára ilé àtijọ́. Iṣẹ́ náà kò wá rọrùn. Èyí tó ń ti Asnæs wá mọ́, ọjọ́ gbogbo ló rí bákan náà, ibì kan ṣoṣo ló sì ti ń wá. Pátákó tó wá láti ilé tí wọ́n wó, bébà lẹ̀ mọ́ ọn, ìṣó wà lára rẹ̀, ọ̀dà wà lójú rẹ̀, òjò ti lè pa á níbi tí wọ́n kó o jọ sí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ibi ló sì ti ń wá díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá wó ilé gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀ kó tó pò mọ́ bíríkì, ẹni tó wó ilé sì fẹ́ tètè lọ. Bí ó bá ti pò mọ́ra tán, owó tí ènìyàn yóò fi ṣà á lè ju iye tí jípúsọ̀mù tuntun ń gbé láti inú ilẹ̀ lọ.

Àwọn tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀

Nígbà tí òkìkí Kalundborg kàn, àwọn ìjọba gbọ́ ọ, wọ́n ní kò le, àwọn náà yóò ṣe é. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ìgbìmọ̀ tí ààrẹ Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ lórí ìdàgbàsókè tó lè tọ́jọ́ yan ìlú mẹ́rin láti fi ṣe àpẹẹrẹ: Cape Charles ní Virginia, Baltimore ní Maryland, Brownsville ní Texas, àti Chattanooga ní Tennessee. Wọ́n ya àwòrán. Wọ́n fi àmì ọfà so ilé iṣẹ́ tí kò tíì sí pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn tí òun náà kò tíì sí. Àwòrán náà rẹwà. Ilé iṣẹ́ kò wá.

Àwọn onímọ̀ tó padà lọ wo irú ètò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò di ohun tí wọ́n pète. Kò yà mí lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ kì í kó lọ sí ìlú kan nítorí pé ẹnìkan ní pàǹtí níbẹ̀. Ibi tí ọjà rẹ̀ wà, ibi tí òṣìṣẹ́ wà, ibi tí èbúté wà, ìyẹn ló ń wò. Àwọn tó ṣàṣeyọrí máa ń jẹ́ àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí nǹkan kan ń há wọn mọ́, bí omi ṣe há Kalundborg mọ́, tí wọ́n sì wojú ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Láti 2005, ìjọba ibẹ̀ ná owó lórí ètò kan tó ń kó àwọn oníṣẹ́ jọ sínú yàrá, kí olúkúlùkù sọ ohun tó ní àti ohun tó ń wá. Wọn kò kọ́ ọgbà ilé iṣẹ́ tuntun. Alárinà ni wọ́n. Ìyẹn so èso ju àwòrán lọ, àmọ́ owó ìjọba ló gbé alárinà náà ró, owó ìjọba kì í sì í pẹ́ kó tó dínkù.

Ohun tí kì í padà wá

Ẹ̀gbẹ́ tó ń rí sí ètò náà ní Kalundborg lónìí ń sọ pé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 62,000 àjẹkù iṣẹ́ ló ń padà sẹ́nu ìlò lọ́dún kan láàrin wọn, afẹ́fẹ́ káríbọ́ọ̀nù tí wọn kò sì jẹ́ kó jáde mọ́ tó tọ́ọ̀nù 586,000. Ní 2018, wọ́n gba ẹ̀bùn ńlá kan láti Gothenburg ní Sweden. Àpọ́nlé tó tọ́ sí wọn ni. Lọ́dún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ tuntun kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba àjẹkù ìwúkàrà àti ti ẹ́ńsáìmù láti inú iṣẹ́ Novo Nordisk àti Novozymes (ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńsáìmù), tó ń sọ ọ́ di gáàsì tí wọ́n lè tì sínú páìpù gáàsì orílẹ̀-èdè.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tó ń yípo gan-an. Ooru ń yípo. Omi ń yípo. Ìyẹ̀fun, ẹrẹ̀, ìwúkàrà, gbogbo rẹ̀ ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Ọjà tí wọ́n ń ṣe fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bẹntiróòlù tó jáde láti ilé ìfọpo wọ ọkọ̀, ó jó, ó lọ. Kò sí páìpù tó lè dá a padà. Ínsúlínì wọ ara aláìsàn, ibi tó yẹ kó lọ nìyẹn; ṣùgbọ́n péènì oníke tí wọ́n fi fún un di pàǹtí nínú ilé àìmọye ènìyàn, láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Láti 2020 ni Novo Nordisk ti ń dán an wò láti máa gba péènì àlòkù padà, Dẹ́ńmáàkì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tó le ju páìpù lọ fíìfíì ni. Páìpù so ilé iṣẹ́ méjì pọ̀, àdéhùn wà láàrin wọn, àǹfààní tọ̀tún-tòsì wà. Péènì nílò kí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, tó ní ohun tó jù ú lọ láti rò, rántí, kó kó o jọ, kó gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tà oògùn, láìsí kọ́bọ̀ kan tí yóò bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn ọ̀gá méjì tó mọra ní ìlú kékeré kò lè parí ìyẹn láàrin ara wọn.

Ìṣòro mìíràn ni ti ẹni tó ń dàgbà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní November 2023, Novo Nordisk kéde pé òun yóò ná iye tó lé ní bílíọ̀nù 42 owó kroner láti fẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Kalundborg. Nígbà tí ilé iṣẹ́ mẹ́rin márùn-ún bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ara wọn, olúkúlùkù ní ohun tó lè fi báni dúnàádúrà. Bí ọ̀kan bá wá tóbi bí erin, àwọn yòókù á máa wo ibi tó fẹ́ tẹ̀ sí. Omi mélòó ni yóò fẹ́? Ooru mélòó? Asnæs gbọ́dọ̀ máa ru omi bí iná mànàmáná kò bá tilẹ̀ lọ́jà lọ́jọ́ náà, nítorí àgbá ínsúlínì kò lè dúró de atẹ́gùn kó fẹ́ tàbí oòrùn kó ràn. Ẹni tó ra ooru àloku lówó pọ́ọ́kú ní 1982 ti sọ ọ́ di ohun tí kò gbọ́dọ̀ dá. Láàárín wọn lónìí, kò rọrùn mọ́ láti sọ ẹni tó jẹ́ pé àjẹkù rẹ̀ ni èkejì ń jẹ.

Igi wẹ́wẹ́ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ àríyànjiyàn. Àwọn kan ní igi tí wọ́n gé á hù padà, nítorí náà kò sí gbèsè. Àwọn mìíràn béèrè iye ọdún tí igi fi ń hù, àti iye wákàtí tó fi ń jó. Èyí ó wù kó jẹ́, èéfín rẹ̀ ní káríbọ́ọ̀nù nínú, kò sì sí aládùúgbò kankan ní Kalundborg tó lè ra gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ní 2023, Ørsted bá ìjọba Dẹ́ńmáàkì fọwọ́ sí àdéhùn láti máa gba káríbọ́ọ̀nù inú èéfín Asnæs àti ti ilé iṣẹ́ amúnáwá rẹ̀ kejì tó wà ní Avedøre lẹ́bàá Copenhagen, tọ́ọ̀nù 430,000 lọ́dún, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ní kíkún. Wọn yóò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí á fi di olómi, wọn yóò kó o sínú àgbá létí èbúté. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ òkun yóò gbé e lọ sí Nọ́wè, wọn yóò sì tì í wọ inú àpáta tó jìn gan-an nísàlẹ̀ òkun, níbi tí wọ́n ń retí pé kó wà títí láé.